Ìtètèjẹ́pè Ínsúlínì àti Ìdárayá Àṣesinmi: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Lò Nínú Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ Irúfẹ́ Kejì

1. Ìfáárà

Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ tí ó ń fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tàbí lítíréṣọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà àti máa wá ohun tí yóò pe ohun tí ó ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ ìṣègùn kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju ti ẹ̀dá-èdè lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìperí nínú gírámà bá kù díẹ̀ káàtó, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí ti ìṣègùn bá kù díẹ̀ káàtó, aláìsàn ni yóò ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe, tàbí kí ó fi ohun tí ó yẹ kí ó ṣe sílẹ̀.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ irúfẹ́ kejì yẹ̀wò, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ bí ìdárayá ṣe ń mú kí ara tètè dá ínsúlínì lóhùn. Àwọn ènìyàn tí a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ ọ́ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí ọ̀sà bí Àbígí àti Màkún-Omi ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdí tí a fi yan ibẹ̀ kò ju pé iṣẹ́ àwọn ènìyàn náà yàtọ̀ síra. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ gẹdú pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú yunifásítì ni Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, nígbà tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí. Apẹja àti atukọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará etí ọ̀sà. Bí ọ̀rọ̀ ìperí kan bá yé ọ̀mọ̀wé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n tí kò yé alágbègẹdú tàbí apẹja, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a.

2. Àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà

Orúkọ méjì ni ó gbajúmọ̀ fún àìsàn yìí ní èdè wa. Èkíní ni àtọ̀gbẹ. Bí a bá tú u palẹ̀, a óò rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ: kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ó yani lẹ́nu bí orúkọ yìí ti bá ti àwọn ará àtijọ́ ní ilẹ̀ mìíràn mu. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà, tí ó kọ̀wé ní èdè Gíríìkì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ṣe àpèjúwe àìsàn náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹran ara ń yọ́ tí ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún un wá láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa gba inú nǹkan kọjá lọ. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ ní tiwọn pè é ní ìtọ̀ oyin. Ohun tí ojú rí ni gbogbo wọn fi sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn baba wa náà ti ṣe.

Orúkọ kejì, ìtọ̀ ṣúgà, ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Òun ni ó ń da iṣẹ́ rú, ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà dà á rú.

Lọ́nà kìíní, ó ń darí ojú aláìsàn sí ìtọ̀. Láti 1776 ni Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní ìlú Liverpool, ti fi hàn pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ aláìsàn yìí, àti pé omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú dùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà; ìtọ̀ kàn jẹ́ ibi tí ó máa ń ṣàn dé bí ó bá ti pọ̀ jù. Bí ènìyàn kò bá tí ì jẹun láti òru mọ́jú, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó mílígíráàmù 126 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, tí àyẹ̀wò kejì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ti bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí 180. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 126 sí 180 lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ṣúgà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa mọ̀ pé èèrà máa ń bo ìtọ̀ alátọ̀gbẹ, òtítọ́ sì ni. Àmọ́ ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé èèrà yóò pẹ́ kí ó tó mọ̀, nítorí pé orúkọ àìsàn náà ti sọ fún un pé inú ìtọ̀ ni kí ó máa wò.

Lọ́nà kejì, ó ń darí ojú rẹ̀ sí ṣúgà tí a ń rà ní ọjà. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn ṣọ́ra fún ṣúgà, yóò mú ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, kò ní bu ṣúgà sí gààrí tí ó rẹ mọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀bà ńlá, ìkókórè àti òjòjò ńkọ́? Gúlúkóòsì ni gbogbo wọn yóò dà bí wọ́n bá dé inú. Aláìsàn náà kò ṣàìgbọràn rárá. Ohun tí ọ̀rọ̀ sọ fún un ni ó ṣe.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àtọ̀gbẹ máa jẹ́ orúkọ àìsàn, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì máa jẹ́ orúkọ ohun tí a ń wọ̀n. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí irúfẹ́ kejì ń bá jà kò gbẹ rárá, pé ṣe ni wọ́n sanra. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu kì í ṣe àpèjúwe mọ́. Ó ti di orúkọ, kò sì darí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà tí kò tọ́.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé ṣe alága rẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1992 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2018 gbé e dé 5.77 nínú ọgọ́rùn-ún. Irúfẹ́ kejì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

3. Ínsúlínì: ońṣẹ́ láti erékùṣù

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí a óò máa pè ní páńkíríàsì. Ní 1869, Paul Langerhans, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Jámánì nígbà náà, rí ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n fọ́nká sínú ẹ̀yà ara yìí, tí wọn kò jọ àwọn tí ó yí wọn ká. Ẹni tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi wọ́n wé erékùṣù. Láti inú ọ̀rọ̀ tí èdè Látìn ń lò fún erékùṣù ni a sì ti fa orúkọ ínsúlínì yọ. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ etí ọ̀sà kò ní làágùn lórí èyí. Ọmọ tí ó mọ bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń yọ orí láàárín omi káàkiri yóò mọ bí erékùṣù Langerhans ti rí nínú páńkíríàsì kí a tó ya àwòrán rẹ̀.

Ní 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì fà jáde ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod. James Collip sọ ọ́ di mímọ́ tó láti fún ènìyàn, a sì fún ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1922.

Ońṣẹ́ ni ínsúlínì jẹ́. Bí a bá jẹun tán, tí gúlúkóòsì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn erékùṣù yóò rán an jáde. Yóò bá ẹ̀jẹ̀ kiri, yóò máa kan ìlẹ̀kùn àwọn sẹ́ẹ̀lì, pàápàá ti ẹran-iṣan, pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí gúlúkóòsì lè wọlé. (A lo ẹran-iṣan níhìn-ín nítorí pé iṣan nìkan kò tó: iṣan ni a ń pe òpó ẹ̀jẹ̀, iṣan ni a ń pe okùn tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni a tún ń pe ẹran tí ń sún tí ó sì ń nà. Ìtumọ̀ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan ti pọ̀ jù nínú ìwé ìṣègùn.) Nínú àtọ̀gbẹ irúfẹ́ kìíní, ońṣẹ́ ni kò sí mọ́, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rán an ti bàjẹ́. Nínú irúfẹ́ kejì, ońṣẹ́ wà, ó ń kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn onílé kò tètè dáhùn.

4. Ìmọ̀lára, ìgbọràn tàbí ìjẹ́pè?

Ní 1936 ni Harold Himsworth, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti pín àwọn alátọ̀gbẹ sí ọ̀nà méjì. Ó fún wọn ní gúlúkóòsì mu, ó sì fún wọn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn kan, ínsúlínì kò jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè. Nínú àwọn yòókù, àfi bí ẹni pé a kò fún wọn ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ yìí ni a ní láti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ. Mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí ó lè wá sọ́kàn atúmọ̀ èdè.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀lára ínsúlínì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni èyí, kò sì bá a lọ. Ìmọ̀lára ní Yorùbá jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lára tàbí lọ́kàn. Bí a bá sọ fún ìyá arúgbó kan pé ìmọ̀lára ínsúlínì rẹ̀ ti dínkù, yóò béèrè ibi tí ó yẹ kí ó ti máa mọ̀ ọ́n lára, kò sì sí ibì kankan.

Ìkejì ni ìgbọràn, pẹ̀lú àìgbọràn tàbí oríkunkun ní ìdà kejì. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ó sì yé ènìyàn kíákíá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ru ẹ̀bi dání. Ọmọ tí kò gbọràn ni a ń nà ní pàṣán. Bí a bá ní ara ènìyàn ń ṣe oríkunkun, kò ní pẹ́ tí aláìsàn yóò fi rò pé òun ni olóríkunkun náà. Àìsàn tí ìdílé, ọjọ́ orí, ìsanra àti ìjókòó pẹ́ jọ ń fà kò yẹ ní ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ ìbáwí pè. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí kò gbọràn kò gbọràn náà ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀n níbẹ̀.

Ìkẹta, tí àwa fara mọ́, ni ìjẹ́pè, láti inú jẹ́ ìpè. A dábàá ìtètèjẹ́pè ínsúlínì fún bí ara ti ń yára dá ínsúlínì lóhùn, àti àìtètèjẹ́pè ínsúlínì fún ìdà kejì rẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni a ní. Èkíní, ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: ìpè kan wà, ìdáhùn kan sì wà. Èkejì, tètè gba ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n sì ni àwọn onímọ̀ ń wá. Ní 1979, Ralph DeFronzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé ọ̀nà kan tí a fi ń dá ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, tí a sì ń da gúlúkóòsì sí i kí ti inú ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. Bí gúlúkóòsì tí ara ń gbà ti pọ̀ tó ni ìtètèjẹ́pè rẹ̀ ti tó. Ẹ̀kẹta, ó ń jẹ́ kí a lè sọ ohun tí ó kàn. Bí a bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan tí kò dáhùn, a óò tún un pè, a óò sì gbóhùn sókè. Bẹ́ẹ̀ ni páńkíríàsì ń ṣe: yóò rán ońṣẹ́ méjì níbi tí ọ̀kan ti tó tẹ́lẹ̀, yóò rán mẹ́ta. Nígbà tí ó bá yá, yóò rẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè tí apá kò fi ní ká a mọ́. Olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣàlàyé ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

5. Ìlẹ̀kùn kejì: iṣẹ́ tí ìdárayá ń ṣe

Ibi tí ìdárayá ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹran-iṣan, àwọn agbégúlúkóòsì kan wà tí wọ́n ń dúró sínú lọ́hùn-ún títí ínsúlínì yóò fi pè wọ́n wá sí ojú ilé. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí ẹran-iṣan bá ń ṣiṣẹ́, tí ó ń sún tí ó sì ń nà, àwọn agbégúlúkóòsì wọ̀nyí yóò jáde wá fúnra wọn láìdúró de ínsúlínì. Ìlẹ̀kùn kejì ni èyí. Ẹni tí ìlẹ̀kùn kìíní rẹ̀ ti há lè gba ti èkejì. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ìlẹ̀kùn kìíní pẹ̀lú yóò rọ̀ fún ìgbà díẹ̀: ìtètèjẹ́pè yóò pọ̀ sí i fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí a fi ń gba alátọ̀gbẹ nímọ̀ràn pé kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra láìṣe ìdárayá.

Ṣùgbọ́n kí ni a óò pe ohun tí yóò ṣe? Eré ìdárayá ni ó wà nílẹ̀. Eré tí ó ṣíwájú rẹ̀ yẹn ń ṣe jàǹbá. Àgbàlagbà yóò ní òun kì í ṣe ọmọdé tí yóò máa ṣeré. A dábàá pé kí a gé eré kúrò, kí ìdárayá nìkan dúró, bí ó bá ti jẹ́ ti ìtọ́jú àìsàn. Ọ̀tọ̀ ni eré ìdárayá ti pápá ìṣeré.

Oríṣìí ìdárayá kan wà tí àwọn sárésáré ti ń lò láti àárín ọ̀rúndún ogún: ṣe é kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, sinmi díẹ̀, tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ lè sọ pé ìdárayá alálàfo, tàbí ìdárayá ìdákúrekú. Méjèèjì léwu. Ẹni tí ó bá gbọ́ alálàfo lè rò pé àlàfo ọjọ́ ni, kí ó ṣe é ní Ọjọ́ Ajé, kí ó dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìdákúrekú sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àbùkù fún iṣẹ́ tí kò dúró sójú kan. Ìdárayá líle àṣesinmi ni a yàn: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe sinmi. Ètò ọ̀rọ̀ náà ni ètò iṣẹ́ náà: a ṣe, a sinmi, lẹ́sẹ̀ kan náà, ní ìjókòó kan.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Atukọ̀ tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yóò wà á kíkankíkan, yóò gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ máa rọra lọ, yóò tún wà á. Ẹni tí ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó yóò gùn ún, yóò mí lókè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò rìn lọ sí ìdí òmíràn. Ẹni tí kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí tí kò ní i rí láéláé, ni a ní láti kọ́.

Kí ni ẹ̀rí? Ní 2011, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Yunifásítì McMaster ní Hamilton, ní ìpínlẹ̀ Ontario tí Toronto wà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Alátọ̀gbẹ irúfẹ́ kejì mẹ́jọ gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìpíndọ́gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn fún odidi ọjọ́ kan lọ sílẹ̀ láti 7.6 sí 6.6 lórí òṣùwọ̀n mílímóòlù, àwọn agbégúlúkóòsì inú ẹran-iṣan wọn sì pọ̀ sí i. Ènìyàn mẹ́jọ kò pọ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wọ́n wé. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní Denmaki tí ó jáde ní 2013 ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Alátọ̀gbẹ 32 ni ó kópa. Àwọn kan ń rìn kánkán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, fún wákàtí kan, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́rin. Àwọn kan ń rìn ní ìrìn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, agbára tí àwọn méjèèjì ń ná sì dọ́gba. Àwọn kẹta kò yí ìṣe wọn padà. Ẹgbẹ́ àṣesinmi nìkan ni ìṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn dára sí i. Láti ilẹ̀ Japan, ní ìlú Matsumoto, ni ìrìn oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta yìí ti wá. Àwọn àgbàlagbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni a sì fi dán an wò níbẹ̀.

6. Bí a óò ṣe sọ ìwọ̀n líle

Àwọn onímọ̀ ń fi ìlùkìkì àyà wọn líle. Wọ́n lè ní kí ó dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó pọ̀ jù tí ọkàn ènìyàn lè lù. Èyí wúlò níbi tí ẹ̀rọ bá wà. Gunnar Borg, ará Sweden, ṣe òṣùwọ̀n mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20, tí ẹni tí ó ń ṣe ìdárayá yóò fi sọ bí ó ti le tó lójú ara rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó bá lè kà á. Ṣùgbọ́n a rò pé ohun kan wà tí ó yá ju méjèèjì lọ, ẹnu ènìyàn fúnra rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá ti ń le sí i ni ọ̀rọ̀ tí èémí lè gbé ń kúrú sí i. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ń lo ọgbọ́n yìí. Ìpele mẹ́rin ni a dábàá ní Yorùbá:

Ìpele orin: ènìyàn lè máa kọrin bí ó ti ń rìn. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni.
Ìpele ìtàkùrọ̀sọ: ó lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọrin.
Ìpele gbólóhùn: kò lè sọ ju gbólóhùn kúkúrú kan lọ kí ó tó mí. Ibí yìí ni líle ti bẹ̀rẹ̀.
Ìpele ọ̀rọ̀ kan: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ó lè jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Líle gan-an nìyí, kò sì yẹ fún ẹni tí kò tí ì gba àyẹ̀wò.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, a lè kọ ìwé ìtọ́ni tí yóò yé ènìyàn gbogbo. A fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀:

“Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn, ojú àti ẹsẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí ń mú kí páńkíríàsì rán ínsúlínì jáde, ẹ béèrè bóyá kí a dín in kù ní ọjọ́ ìdárayá, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Ẹ wọ bàtà tí kò há, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò bí ẹ bá dé. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè yá. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, títí yóò fi jẹ́ pé gbólóhùn kúkúrú nìkan ni ẹ lè sọ. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, títí ẹ óò fi lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí òógùn tútù ń bo yín tàbí tí ara yín ń gbọ̀n, ẹ dúró, ẹ jókòó, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ mú ohun dídùn díẹ̀ dání nígbà gbogbo.”

Kíyè sí i pé ohun dídùn tí a ní kí alátọ̀gbẹ mú dání yìí yóò rú aláìsàn lójú bí ó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ni ó mọ̀ sí orúkọ àìsàn rẹ̀. Yóò béèrè pé ṣé ohun tí ń pa òun náà ni kí òun máa gbé kiri? Ẹni tí ó mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè jù, tí ó sì lè lọ sílẹ̀ jù, kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

7. Èwo ni a óò yá, èwo ni a óò dá?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò sọ pé bí a bá ti yá ínsúlínì àti gúlúkóòsì, kí ló dé tí a kò yá ìyókù? Àwọn mìíràn yóò sọ pé a kò gbọdọ̀ yá ìkankan. Ìlànà tí a tẹ̀ lé nìyí. Orúkọ ohun tí aláìsàn yóò bá pàdé lára ìgò oògùn tàbí lórí ìwé àyẹ̀wò, a yá a, a sì kọ ọ́ bí Yorùbá ti ń pè é. Bí a bá dá orúkọ tuntun fún ínsúlínì, ẹni tí ó lọ sí ilé oògùn ní Orù tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní rí i rà. Ṣùgbọ́n orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ inú ara, àti orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ènìyàn ṣe, a dá a láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, kí orúkọ náà lè jẹ́ àlàyé. Ètò Ọdún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn wá pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yè kooro. Kò sí ìdí tí ohun tí ó ṣeé ṣe fún ọmọ ilé-ìwé kò fi ní ṣeé ṣe fún òbí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

8. Àtòjọ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

agbégúlúkóòsì: ohun inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé gúlúkóòsì wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀.
àìtètèjẹ́pè ínsúlínì: kí ínsúlínì pọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó dáhùn.
àṣesinmi: tí a ń ṣe, tí a ń sinmi, tí a tún ń ṣe, ní ìjókòó kan.
àtọ̀gbẹ irúfẹ́ kejì: àtọ̀gbẹ tí ínsúlínì wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara kò tètè jẹ́pè rẹ̀.
erékùṣù Langerhans: ìdì sẹ́ẹ̀lì inú páńkíríàsì tí ń rán ínsúlínì jáde.
ẹran-iṣan: ẹran ara tí ń sún tí ó sì ń nà láti gbé ara.
ìdárayá líle àṣesinmi: ìdárayá tí ó dé ìpele gbólóhùn tàbí ìpele ọ̀rọ̀ kan, tí ìsinmi sì wà láàárín rẹ̀.
ìlùkìkì àyà: iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan.
ìtètèjẹ́pè ínsúlínì: bí ara ti ń yára dá ínsúlínì lóhùn tó.
ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: ìwọ̀n gúlúkóòsì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

9. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti gún régé. Ohun tí a fẹ́ kí ó dá òǹkàwé lójú ni pé nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá lọ ṣe ni òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ ìperí tí ó dára. Nítorí náà, a rọ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí wọ́n lò wọ́n fún ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ wọn, láìfi kún un láìyọ kúrò, ohun tí wọ́n rò pé a ní kí wọ́n ṣe. Bí ìdáhùn bá bá ohun tí dókítà ní lọ́kàn mu, ọ̀rọ̀ náà ti yege. Bí kò bá bá a mu, kí a dá òmíràn.